Ṣé wẹ́dà àdúgbò lè bá mi ṣe kẹ̀kẹ́ tó bá ẹsẹ̀ mi mu?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ìṣirò ni mí ní Oǹdó, àdúgbò Yaba níbẹ̀ ni mò ń gbé. Mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ìnṣì 4. Gbogbo kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ tí mo ti rà, bí mo bá ń wà á, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo wá ra irin ìjókòó gígùn kan kí n lè gbé ìjókòó sókè, kò tó oṣù méjì tí ẹnu páìpù tí mo kì í bọ̀ fi ya. Wẹ́dà tó ń ṣe géètì ládùúgbò wa ní òun lè fi páìpù ṣe fíréèmù tuntun fún mi láàárín ọjọ́ méjì, kí n ṣáà ra páìpù wá. Ṣé ó ṣeé ṣe? Páìpù wo ni kí n rà? Ṣé kò sì ní ṣẹ́ mọ́ mi nídìí?

ÌDÁHÙN

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìyà orúnkún.

Ó ṣeé ṣe. Ohun tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjọ̀kà, níbí ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, géètì ló ní lọ́kàn. Géètì dúró sójú kan. Bí ojú ibi tí wọ́n jó bá wú gúdugùdu, wọ́n á fi gíráńdà họ ọ́, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ó tán. Kẹ̀kẹ́ kì í dúró sójú kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, irin yẹn ń tẹ̀ díẹ̀, ó sì ń padà. Gbogbo kòtò tí táyà bá já sí, ó ń tẹ̀, ó ń padà. Ẹ ti mú wáyà rí, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn títí tó fi já. Ohun tó ń ṣe fíréèmù náà nìyẹn, àfi pé tirẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó sì ti ń ṣẹ́, kì í sábà jẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí iná ti kan irin tí irin kò fi jẹ́ bó ṣe wà mọ́. Mo mọ̀, torí ó ṣe mí rí. Páìpù àga ni mo fi ṣe fíréèmù àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi, ẹ̀rọ wẹ́dà oníná mànàmáná ni mo sì fi jó o, pẹ̀lú ẹlẹ́kítíróòdù géèjì 12. Ó rẹwà débi pé mo gbé e kiri fún àwọn ènìyàn wò. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdànrè, ni mo bá ń gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́ lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo rò pé bẹ́ríǹgì ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ ba, mo rí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lábẹ́ páìpù ìsàlẹ̀, kò tó ìdajì ìnṣì sí ibi tí mo jó. Èékánná mi wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà, mò ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń sin òkú. Bí ìlà yẹn bá fi yí páìpù ká kí n tó gbọ́ ariwo rẹ̀, eyín iwájú mi kò ní sí lẹ́nu mi lónìí.

Nítorí náà, ẹ má bi wẹ́dà yín bóyá ó lè jó o. Ó lè jó o. Ẹ bi í pé irú iná wo ló fẹ́ fi jó o, àti báwo ló ṣe fẹ́ gbẹ́ ẹnu páìpù kó tó jó o. Bí kò bá ní fáìlì ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ṣùgbọ́n ká tó dé ọ̀dọ̀ iná, ìwọ̀n. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kẹ́ ẹ ki ìwé kan tó le sí abẹ́ bí ẹni tó jókòó lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ tì í sókè dáadáa. Kí ẹlòmíràn fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri níbi tí orí ìwé náà dé, kó wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀. Ẹni tó ga bíi tiyín, ó lè tó 94 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ sọ 94 di púpọ̀ lọ́nà 0.883, ẹ ó rí 83: bí ìjókòó yóò ṣe jìnnà sí àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí nìyẹn. Ẹ sọ 94 kan náà di púpọ̀ lọ́nà 0.67, ẹ ó rí 63: gígùn páìpù ìjókòó nìyẹn, láti àárín ilé pẹ́dà dé àárín ibi tí páìpù òkè ti pàdé rẹ̀. Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba Tour de France ní 1986, 1989 àti 1990, wà lára àwọn tó sọ ìṣirò yìí di mímọ̀. Kì í ṣe òfin o. Bí ìgbà tí télọ̀ ń wọn ẹ̀yìn ènìyàn ni, ó ṣì máa ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ fi 63 yẹn wé àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń tò sójú títì. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìnṣì 18 tàbí 20, ìyẹn bíi 46 sí 51 sẹ̀ǹtímítà. Kò sí bí orúnkún ò ṣe ní gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Pé irin ìjókòó gígùn ya ẹnu páìpù yín kò ya èmi lẹ́nu. Bí irin yẹn bá ṣe yọ síta tó ni yóò ṣe máa hú ẹnu páìpù tó, bí ọ̀pá tí a fi ń hú òkúta nínú oko. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí tíṣà ìṣirò máa gbádùn: páìpù ìjókòó kì í dúró ṣánṣán, ó máa ń fara tì sẹ́yìn, bíi dígíríì 73. Gbogbo 10 sẹ̀ǹtímítà tí ẹ bá gbé ìjókòó sókè, ó ti sún yín sẹ́yìn ní bíi 3. Ẹ ti ga sókè, ẹ tún ti jìnnà sẹ́yìn, síbẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà níbi tó wà, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń ro àwọn ènìyàn gíga tó ń gun kẹ̀kẹ́ kéékèèké.

Fún yín, màá ṣe páìpù òkè ní 60 sẹ̀ǹtímítà, màá sì gbé àárín ilé pẹ́dà sókè ní 28 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀. Òpópónà tó tẹ́jú kò nílò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi mọ òkúta àti gọ́tà ilẹ̀ wa. Ẹ bá mi ṣe é: páìpù 63 tó fara tì ní dígíríì 73 máa ga tó 60, ẹ fi 28 kún un, ó di 88, ẹ fi ìlàjì fífẹ̀ páìpù òkè kún un, kò pé 90. Ẹsẹ̀ yín jẹ́ 94. Bí bírékì bá mú yín dúró lójijì, ẹ ó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ láìjẹ́ pé irin kan ohun tí kò yẹ kó kàn.

Ó wá kan páìpù. Ẹ má ra páìpù omi. Páìpù omi funfun tí wọ́n ń tà ní ọjà, síǹkì ni wọ́n fi bò ó, bí iná bá kan síǹkì yẹn, èéfín rẹ̀ á dá ibà sí ẹni tó ń jó o lára ní alẹ́ ọjọ́ náà, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Idẹ, tí a máa fi lẹ páìpù pọ̀, kò sì ní mú dáadáa lórí rẹ̀. Páìpù àga tó fẹ́lẹ́ náà, mo ti sọ ìtàn tèmi fún yín.

Èyí tó dára jù ni irin 4130, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kúrómólì. Irin lásán ni, àfi pé wọ́n ti fi kúrómíọ̀mù bíi ìdá 1 nínú 100 àti mọlibidẹ́nọ̀mù díẹ̀ sí i. Ẹ ní láti pàṣẹ rẹ̀ láti ìlú òkèèrè, a kì í rí i ní ọjà irin lásán. Nínípọn ara rẹ̀ jẹ́ 0.9 mìlímítà, ẹ wá èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 31.8 fún páìpù ìsàlẹ̀ àti 28.6 fún páìpù òkè àti ti ìjókòó. Bí owó kò bá gbà á, ẹ wá páìpù dúdú tí kò ní síǹkì, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 1.5 mìlímítà. Ẹ mú fáníà, irin tí a fi ń wọn nínípọn nǹkan, dání lọ, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹni tó ń ta irin lè pe 1.2 ní 1.5 kó má sì mọ̀ pé òun purọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé kúrómólì le ju irin lásán lọ ní ti pé kì í tẹ̀. Rárá. Bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí ni ìnàkí ṣe. Ẹ fi páìpù méjì tó fẹ̀ bákan náà, tó nípọn bákan náà, ọ̀kan kúrómólì, ọ̀kan irin lásán, ẹ gbé ẹrù kan náà kọ́ wọn, wọn á tẹ̀ bákan náà. Ìyàtọ̀ ni pé kúrómólì á tẹ̀, á padà síbi tó wà, níbi tí irin lásán á ti tẹ̀ tí kò ní padà mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè lo èyí tó fẹ́lẹ́ nínú kúrómólì. Bí ẹ bá lo irin lásán, ẹ fi nínípọn san án padà. Èló ni ẹ ó san? Mítà kan páìpù 31.8 tó nípọn 1.5 wọ̀n tó kílò 1.12. Mítà kan èyí tó nípọn 0.9 wọ̀n tó gíráàmù 690. Páìpù ńlá mẹ́ta inú fíréèmù yín kò ju mítà 2 lọ. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò pé kílò kan. Ìwé àmì àwọn ọmọ iléèwé tí ẹ ń gbé lọ sílé wọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, páìpù dúdú 1.5 tó fún kẹ̀kẹ́ tí tíṣà ń gùn lọ síléèwé, tí wọ́n bá jó o bó ṣe yẹ. Ẹ fi owó tó kù ra táyà gidi.

Àwọn òyìnbó tó ń ṣe páìpù kẹ̀kẹ́ ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó ni ọ̀tá wà. Ní 1897, ní Birmingham, Alfred Milburn Reynolds gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan: páìpù tó nípọn ní ẹnu méjèèjì níbi tí iná máa kàn án, tó sì fẹ́lẹ́ láàárín níbi tí iná kò ní dé. Lójú ìta, ẹ ò lè mọ̀, torí inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti fi kún un. Nígbà tó di 1935, iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé páìpù 531 jáde, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn eléré ìdíje fi gùn ún. Bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àtijọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ yẹn mọ́, ẹ má jẹ́ kí onípáǹtí gbé e lọ.

Ẹ wá kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ kan tó ti kú. Páìpù ńlá rẹ̀ kò ní gùn tó yín, ẹ gé e dànù. Ohun tí ẹ ń wá lára rẹ̀ ni ilé pẹ́dà, apá ẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí irin tí áàsù táyà ẹ̀yìn ń jókòó sí, àti fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó gbá táyà iwájú mú. Bí Raleigh àtijọ́ bá ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn tíṣà ìgbà náà ń gùn, ẹ rántí kó ife bẹ́ríǹgì inú ilé pẹ́dà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ayé ń lo ojú ìdè tó jẹ́ eyín 24 nínú ìnṣì kan, ti Raleigh jẹ́ 26. Ife tuntun kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdì ni wọ́n ń tú u: bí ẹni ń dì í ni ẹ ó máa yí i. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi òòlù lu sípánà títí tó fi fọ́ ilé pẹ́dà, gbogbo ìgbà yẹn ló ń dì í le sí i.

Fọ́ọ̀kì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fọ́ọ̀kì fún yín, èmi náà kì í ṣe é fún oníbàárà. Bí páìpù ẹ̀yìn bá ṣẹ́, ẹ ó jókòó sílẹ̀ tìtìjú. Bí fọ́ọ̀kì bá ṣẹ́, ojú lẹ ó fi gbálẹ̀. Fíréèmù yín yóò ní páìpù iwájú, èyí tí ọrùn fọ́ọ̀kì ń gba inú rẹ̀, tó gùn, ó lè lé ní 20 sẹ̀ǹtímítà, ọrùn fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ kékeré kò ní gùn dé òkè rẹ̀. Wẹ́dà yín máa sọ pé kò le, òun á fi páìpù kún un. Ẹ dá a dúró níbẹ̀ yẹn! Fọ́ọ̀kì Raleigh onínṣì 24 lè gùn tó. Bí kò bá sí, fọ́ọ̀kì tuntun tí ọrùn rẹ̀ kò ní ojú ìdè wà, tí wọ́n ń tà ní gígùn kí oníṣẹ́ gé e bó ṣe fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ra fọ́ọ̀kì, ẹ wọn ọrùn rẹ̀, kẹ́ ẹ tó gé páìpù iwájú. Bí ó bá kúrú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí páìpù òkè rọra dagun láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kò burú lójú. Bí fọ́ọ̀kì náà bá sì wá láti ara kẹ̀kẹ́ kan, kí ẹ tó gé kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ gbé fóònù lé páìpù iwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ fi wo iye dígíríì tó fi fara tì, ẹ lo iye kan náà. Bí a bá yí i padà lásán, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè máa gbọ̀n tàbí kó wúwo láti yí.

Iná wá kù. Ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí wẹ́dà géètì ń lò, irin fúnra rẹ̀ ló ń yọ́, ìyẹn bíi dígíríì 1,500. Lórí páìpù tí kò nípọn ju mìlímítà kan lọ, ìṣẹ́jú àáyá kan tó pọ̀jù, páìpù ti lu. Á wá di pé ó ń dí ihò, ó ń dá òmíràn lu. Mo mọ àwọn tó ń fi gáàsì ágọ́ọ̀nù jó kúrómólì tó ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ẹ ń wá wà nítòsí yín, kì í sì í ṣe wẹ́dà: pánẹ́bítà ni, ẹni tó ń tún ara mọ́tò ṣe. Ó ní ọ́síjìn, ó ní kábáìdì, ó sì ní ọ̀pá idẹ.

Idẹ ń yọ́ ní bíi dígíríì 900. Irin kò ní yọ́ níbẹ̀, á kàn pọ́n ni. Ẹ máa fọ ojú irin mọ́ títí tó fi ń dán, ẹ wọ́n páúdà bóráàsì sí i, ẹ fi iná tó dọ́gba, tí ọ́síjìn rẹ̀ kò pọ̀ jù tí kò sì ń yọ èéfín dúdú, gbá a káàkiri kó gbóná bákan náà. Ẹ ṣe é níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, torí àwọ̀ ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Á kọ́kọ́ dúdú, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á pọ́n bí ata rodo, lẹ́yìn náà bóráàsì á yọ́, á dán bí dígí. Ìgbà tó bá fẹ́ di àwọ̀ ọsàn, ẹ fi ọ̀pá idẹ kàn án. Bí irin bá gbóná tó, idẹ á yọ́ fúnra rẹ̀, á sì fà wọ inú àlàfo tó há yẹn bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Irin ló gbọ́dọ̀ yọ́ idẹ; bó bá jẹ́ iná lẹ fi yọ́ ọ, ó kàn jókòó lórí irin ni, ọjọ́ kan ló máa ṣí. Bí ẹ bá rí èéfín funfun, ẹ ti sè é jù: síǹkì inú idẹ ló ń jó lọ. Ẹ sún iná sẹ́yìn, ẹ má sì mí in símú.

Idẹ kì í dí àlàfo ńlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè fáìlì. Ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbá ara páìpù kejì mọ́ra yíká, bí ọmọ ṣe ń gbá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mọ́ra. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ìṣirò tó ń ya ìlà yẹn fún yín tí ẹ bá fún un ní fífẹ̀ páìpù méjèèjì àti dígíríì tó wà láàárín wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà, ẹ wé e mọ́ ẹnu páìpù, ẹ fi ayùn irin gé e kó ku díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fáìlì tó rí kọ̀ǹdọ̀ lẹ́yìn gbẹ́ ìyókù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí inú páìpù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lójú ibi tí wọ́n ti pàdé, iṣẹ́ ò tíì tán. Ẹnu kan lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe é rí. Tíṣà, apá yìí ẹ lè ṣe é fúnra yín nírọ̀lẹ́, nílé, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ará Oǹdó tí ẹ ń bọ Ògún lọ́dọọdún, ẹ ò yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù fáìlì.

Ohun kékeré kan wà tí pánẹ́bítà lè má mọ̀, torí mọ́tò kì í ní irú rẹ̀. Páìpù tí ẹ dí ní ẹnu méjèèjì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á wú, á wá ibi tó máa gbà jáde. Ibi tí idẹ ṣì ń ṣàn ni á gbà, á fọn ihò wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Kí ẹ tó dè é pọ̀, ẹ lu ihò bíi mìlímítà 4 sára páìpù iwájú àti páìpù ìjókòó níbi tí ẹnu páìpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa bò mọ́lẹ̀. Ẹ lu ọ̀kan sí abẹ́ ilé pẹ́dà pẹ̀lú. Omi òjò tó bá wọlé á gbà á jáde.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé pẹ́dà àti páìpù ìjókòó. Ẹ de ife bẹ́ríǹgì àtijọ́ kan mọ́ ojú ìdè kí iná má bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà páìpù iwájú àti ti ìsàlẹ̀, ẹ so méjèèjì pọ̀, páìpù òkè tẹ̀lé e, apá ẹ̀yìn ló gbẹ̀yìn, pẹ̀lú táyà gan-an láàárín rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé kò ní gbá irin. Ẹ má jó ojú kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kán idẹ sí i níbi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó jó ìyókù, torí iná ń fa páìpù lọ síbi tó bá fẹ́.

Okùn ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ so òwú sí etí irin ẹ̀yìn ní òsì, ẹ fà á lọ síwájú yí páìpù iwájú ká, ẹ fà á padà sí etí ọ̀tún, kó le tantan. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti páìpù ìjókòó ní apá méjèèjì. Bí apá kan bá fi ohun tó lé ní mìlímítà 2 ju èkejì lọ, ẹ̀yìn ti wọ́. Irin dára níbi yìí: ẹ lè fi ọwọ́ àti orúnkún rọra fà á padà ní tútù. Mo ṣe ọ̀kan rí fún ọmọ yunifásítì kan ní FUTA, mo ní ìlàjì wákàtí ni, ìgbà tó di ọ̀sán ni mo tó rí i kó gún. Ẹ wọn àlàfo etí irin méjèèjì náà kó bá họ́ọ̀bù yín mu: kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lè jẹ́ 110 tàbí 120 mìlímítà, oníjíà tòkunbọ̀ sábà máa ń jẹ́ 130 tàbí 135.

Lẹ́yìn tí ó bá tutù fúnra rẹ̀ (ẹ má da omi sí i o, kúrómólì á gan), ẹ fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ kí dígí bóráàsì kúrò. Bí ẹ bá kùn ún lọ́dà lórí bóráàsì, ọ̀dà á ṣí, ìpẹtà á wọlé. Ọ̀dà pupa tí wọ́n ń kùn sí géètì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà àwọ̀ tó wù yín. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú páìpù kọ̀ọ̀kan kó yí i ká nínú. Bírékì kò le, ẹ kàn rí i pé etí rẹ̀ dé ojú rímù kẹ́ ẹ tó jó irin tó máa gbé e dúró.

Kí ẹ tó kùn ún, ẹ gùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀, nítòsí ilé, kì í ṣe lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ tó ní kẹrosíìnì nu gbogbo ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó, pàápàá abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ lẹ́yìn páìpù iwájú, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Ẹ lọ jẹun. Bí irin bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì tó sá sínú rẹ̀ á yọ sórí ṣọ́ọ̀kì bí ìlà tútù. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà nígbà tó bá ṣubú.

Bí pánẹ́bítà ní Oǹdó kò bá gbà láti ṣe é lọ́nà yìí, ẹ gbé páìpù tí ẹ ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wá sí Àkúrẹ́. Mi ò ní gba owó ìwọ̀n tàbí ti fáìlì lọ́wọ́ yín, ti iná nìkan. Ẹ mú fọ́ọ̀kì dání.